Pásíwọ́ọ̀dù kọ̀ lórí MySQL àti MariaDB: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè tó ń tún ara rẹ̀ bi jù lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú dátábéèsì fún sáìtì ọjà, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìjọsìn ni ti pásíwọ́ọ̀dù tí sáfà, ìyẹn ètò MySQL tàbí MariaDB tó ń tọ́jú dátábéèsì náà, kọ̀. A tò wọ́n síbí láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó. Níbi tí ọ̀nà MySQL àti ti MariaDB bá ti yà, a ó sọ ọ́.

Kí ni "Access denied for user" ń sọ gan-an?

Ó ń sọ pé sáfà ti gbọ́ yín, ó wo orúkọ tí ẹ mú wá, ó sì kọ̀. Ìyẹn nìkan ti ṣàǹfààní: sáfà ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ sì là. Odidi ìlà náà máa ń rí báyìí:

`ERROR 1045 (28000): Access denied for user 'ade'@'localhost' (using password: YES)`

Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ ka orúkọ náà àti ibi tí sáfà gbà pé ẹ ti ń wá. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, bóyá YES ni tàbí NO. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ máa ń gé ìlà yìí kúrú, wọ́n á kàn ní "ó ń sọ access denied ṣáá". Ibi tí wọ́n gé jù nù yẹn gan-an ni ìdáhùn wà.

Sáfà kì í sọ bóyá kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí pásíwọ́ọ̀dù ni kò bára mu. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tó ń dán ilẹ̀kùn wò má baà mọ orúkọ tó wà nínú ilé.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín `using password: YES` àti `using password: NO`?

NO túmọ̀ sí pé pásíwọ́ọ̀dù kankan ò dé ọ̀dọ̀ sáfà. Lórí tẹ́mínà (ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ sí kọ̀ǹpútà), ẹ gbàgbé `-p` nìyẹn, tàbí ẹ kàn tẹ Enter nígbà tó béèrè. Nínú áàpù, ó jẹ́ pé fáìlì tí áàpù ń kà kọ́ ni èyí tí ẹ ń tún ṣe, tàbí kí ẹ ti ṣi orúkọ rẹ̀ kọ: `DB_PASWORD` kò ní di `DB_PASSWORD` láéláé.

YES túmọ̀ sí pé pásíwọ́ọ̀dù kan dé. Kò sọ pé èyí tí ẹ ní lọ́kàn ló dé. Ìdajì ìbéèrè tó kù lójú ewé yìí, orí ìyàtọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ṣé gbogbo ìgbà tí sáfà bá kọ̀ mí ni ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù?

Rárá o. Bí ẹ bá rí 1044, pásíwọ́ọ̀dù yín ti kọjá. Dátábéèsì tí ẹ fẹ́ ṣí ni wọn ò fún yín láyè sí, alábòójútó ni yóò fi `GRANT` ṣí i. 1049 ní kò sí dátábéèsì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. 1130 ní kò sí àkáǹtì kankan tí wọ́n gbà láyè láti wọlé láti orí kọ̀ǹpútà tí ẹ wà. Sáfà ò tilẹ̀ tíì dé orí ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Ní ti 2002 àti 2003, ẹ ò tíì rí sáfà bá sọ̀rọ̀ rárá. Bóyá kò ṣiṣẹ́, bóyá firewall (ẹ̀ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) dí pọ́ọ̀tù 3306, bóyá `bind-address` rẹ̀, àdírẹ́sì tó ti ń gbọ́rọ̀, wà lórí 127.0.0.1 (kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀) nígbà tí ẹ̀yin ń wá láti ìta.

Ẹ má torí èyíkéyìí nínú wọn yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Áàpù mìíràn tó ń fi ti tẹ́lẹ̀ wọlé ní ìrọ̀rùn á dákẹ́ lọ́wọ́ kan, ìṣòro kan á sì di méjì.

Mo kọ `mysql -u ade -p Ogede77`, ó tún ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Kí ló dé?

Àlàfo tó wà láàárín `-p` àti pásíwọ́ọ̀dù ni. MySQL gbà pé `Ogede77` ni orúkọ dátábéèsì tí ẹ fẹ́ ṣí, ó wá ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù lọ́tọ̀. Bí ẹ bá tẹ pásíwọ́ọ̀dù tó tọ́, ẹ ó rí 1049 tàbí 1044. Bí ẹ bá kàn tẹ Enter, ẹ ó rí 1045 pẹ̀lú NO.

Ẹ kọ `-p` nìkan, kó béèrè fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ bá ń tẹ̀ ò ní hàn lójú tẹ́mínà, kíbọ́ọ̀dù yín ò bàjẹ́. Ẹ lè so ó pọ̀ báyìí, `-pOgede77`, yóò ṣiṣẹ́, àmọ́ yóò wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ tí ẹ ti tẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà lè kà á.

Wọ́n fi pásíwọ́ọ̀dù náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kò sì wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ wo àlàfo lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá da ọ̀rọ̀ kọ láti orí fóònù, àlàfo kan sábà máa ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà àkọ́kọ́: kíbọ́ọ̀dù fóònù a máa sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá láìbéèrè. Ìyẹn ni pé `ogede77` tí ọ̀gá tẹ̀ ti di `Ogede77` kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èyí tí èèyàn kì í tètè ronú kàn ni ti WhatsApp fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá wà láàárín ìràwọ̀ méjì, á sọ ọ́ di lẹ́tà tó ki. Èyí tó wà láàárín ìlà abẹ́ méjì, á jẹ́ kó dagun. Àwọn àmì náà á wá pòórá lójú. Ẹni tó ń fojú kà á láti tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, WhatsApp kọ́ ni ibi tó yẹ kí pásíwọ́ọ̀dù dátábéèsì gbà kọjá.

Mo fún root ní pásíwọ́ọ̀dù lórí XAMPP, phpMyAdmin wá kọ̀ láti ṣí.

Bí XAMPP (àkójọ ètò sáfà fún kọ̀ǹpútà ara ẹni) ṣe ń wá, root, àkáǹtì ọ̀gá pátápátá, kì í ní pásíwọ́ọ̀dù, phpMyAdmin, ojú ewé tí a fi ń tọ́jú dátábéèsì, sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ti yí ti sáfà, ẹ ò yí ti phpMyAdmin. Ìdí nìyẹn tó fi ń sọ `using password: NO`. Ẹ ṣí `C:\xampp\phpMyAdmin\config.inc.php`, ẹ wá ìlà `auth_type`, kí ẹ sọ `'config'` di `'cookie'`. Láti ìgbà náà lọ, yóò máa béèrè orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín kí ó tó ṣí. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju kí a kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú fáìlì náà lọ.

MariaDB ló wà nínú XAMPP òde òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé MySQL ni wọ́n kọ sára bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ rántí ìyẹn bí ẹ bá ń tẹ̀ lé ìtọ́ni tí wọ́n kọ fún MySQL 8.

Lórí cPanel, mo lo pásíwọ́ọ̀dù tí mo fi ń wọ cPanel. Kò gbà.

Kò lè gbà. Ti cPanel, ojú ìṣàkóso sáìtì yín, yàtọ̀, ti dátábéèsì yàtọ̀. Ẹ ní láti dá ẹni tí yóò máa lo dátábéèsì sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀.

Orúkọ yẹn náà kì í dá wà: cPanel sábà máa ń fi orúkọ àkáǹtì yín ṣáájú rẹ̀. Bí àkáǹtì yín bá ń jẹ́ `alaso`, tí ẹ sì dá `ade` sílẹ̀, `alaso_ade` ni ẹ ó kọ sínú `wp-config.php`, fáìlì ètò WordPress, dátábéèsì náà á sì jẹ́ `alaso_oja`. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ so ẹni náà mọ́ dátábéèsì níbi tí wọ́n kọ "Add User To Database" sí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Bí ẹ bá fò ó, 1044 ni WordPress yóò rí, ṣùgbọ́n "Error establishing a database connection" nìkan ni yóò fi hàn yín, bí ẹni pé nǹkan kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Lórí Ubuntu, root kọ gbogbo pásíwọ́ọ̀dù tí mo fún un. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 1698.

Kò sí pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ lè tẹ̀ tó máa gbà. Lórí Ubuntu àti Debian, ẹni tí ẹ jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ni sáfà ń wò fún root. MySQL pe plugin (ẹ̀yà àfikún) tó ń ṣe é ní `auth_socket`, MariaDB ní `unix_socket`. Bí ẹ bá jẹ́ root lórí Linux, ẹ wọlé; bí ẹ ò bá jẹ́ ẹ, ẹ dúró síta. Ẹ kọ `sudo mysql`, ilẹ̀kùn á ṣí.

Ìtọ́ni pọ̀ kiri tó ní kí ẹ yọ `auth_socket` kúrò kí ẹ fún root ní pásíwọ́ọ̀dù kí áàpù lè fi wọlé. Ẹ má ṣe é. Áàpù ò ní ohun tó ń wá ní ìdí root. Ẹ wọlé pẹ̀lú `sudo mysql`, ẹ dá ẹlòmíràn sílẹ̀ fún un:

`CREATE USER 'ade'@'localhost' IDENTIFIED BY 'pasiwoodu-yin';`
`GRANT ALL ON oja.* TO 'ade'@'localhost';`

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé MySQL sórí Rocky Linux ni. N ò fún root ní pásíwọ́ọ̀dù, ó sì ń béèrè.

Bó bá jẹ́ àpò tí MySQL fúnra wọn gbé jáde ni ẹ lò, sáfà ti fún root ní ti ìgbà díẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dìde, ó sì kọ ọ́ sínú lọ́ọ̀gì (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí sáfà): `sudo grep 'temporary password' /var/log/mysqld.log`. Tí ẹ bá fi wọlé, 1820 ni ẹ ó máa rí lórí gbogbo àṣẹ títí ẹ ó fi lo `ALTER USER` láti yan tiyín.

Bí 1819 bá wá tẹ̀ lé e, èyí tí ẹ yàn ló rọrùn jù. Ìlànà tó ń bá a wá ń fẹ́ ó kéré tán àmì mẹ́jọ, kí lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà àti àmì tí kì í ṣe lẹ́tà wà nínú rẹ̀.

Mo yí pásíwọ́ọ̀dù ade padà, ó wọlé níhìn-ín, kò wọlé láti ọ̀fíìsì kejì.

Ade méjì ló wà. MySQL kì í fi orúkọ nìkan mọ èèyàn. Orúkọ àti ibi tó ti ń wá ló pa pọ̀ di àkáǹtì kan. `'ade'@'localhost'` àti `'ade'@'%'` jọ ń jẹ́ orúkọ kan bí Rísíkátù Dùgbẹ̀ àti Rísíkátù Ọjà-Ọba ṣe ń jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kálukú ló ní pásíwọ́ọ̀dù àti ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹ yí ti ọ̀kan, ti èkejì wà bó ṣe wà.

Ẹ wo gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan: `SELECT user, host, plugin FROM mysql.user;`. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ yí ní pàtó. Bí ẹ bá kọ `ALTER USER ade` láìsí ibi tó ti ń wá, `'ade'@'%'` ni sáfà yóò mú.

Kí ló dé tí `localhost` fi kọ̀ tí `127.0.0.1` sì gbà, tàbí ìdàkejì rẹ̀?

Lórí Linux àti Mac, `localhost` ò gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Fáìlì socket, ojú ọ̀nà inú kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, ló ń gbà, bí irú `/var/run/mysqld/mysqld.sock`. `127.0.0.1` gba TCP, ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí MySQL kan bá wà nínú Docker, ètò tó ń ya áàpù sọ́tọ̀ sínú àpótí tirẹ̀, tí òmíràn sì wà lórí kọ̀ǹpútà gan-an, ọ̀tọ̀ ni sáfà tí ẹ bá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, pásíwọ́ọ̀dù ọ̀kan ò sì kan èkejì. Ẹ bi í léèrè lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé: `SELECT @@hostname, @@port, @@version;`.

Pásíwọ́ọ̀dù mi ní `$`, `#` tàbí `@` nínú. Ṣé ìyẹn lè fa wàhálà?

Sáfà ò bínú sí àmì kankan. Àwọn tó wà lọ́nà ló ń jẹ ẹ́ kó tó dé.

Ẹ jẹ́ ká mú `Owo$50`. Lórí tẹ́mínà, bí ẹ bá kọ `-p"Owo$50"`, shell, ètò tó ń ka àṣẹ yín, á rí `$5`, á wá ohun tó wà nínú rẹ̀, kò ní bá nǹkan kan, yóò sì fi òfo rọ́pò rẹ̀. `Owo0` ló dé ọ̀dọ̀ sáfà, `using password: YES` lẹ sì rí. Àmì ẹyọ kan ni kí ẹ lò: `-p'Owo$50'`. Nínú `.my.cnf`, fáìlì ètò MySQL, `password=Owo#50` á di `Owo` nìkan, nítorí ohun tó bá tẹ̀ lé `#` ti di àlàyé lójú rẹ̀; ẹ fi àmì ọ̀rọ̀ yí i ká. Bákan náà ni `.env`, fáìlì ètò Laravel (ìpìlẹ̀ tí a fi ń kọ áàpù PHP). Nínú àdírẹ́sì irú `mysql://ade:Owo@50@localhost/oja`, `@` àkọ́kọ́ ti pín ìlà náà níbi tí kò yẹ. `%40` ni ẹ ó kọ dípò rẹ̀, `%23` dípò `#`, `%2F` dípò `/`.

Ní tèmi, pásíwọ́ọ̀dù tí áàpù ń lò ò ní ìdí tó fi yẹ kó ní àmì wọ̀nyí. Èèyàn kọ́ ló máa rántí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yan lẹ́tà àti nọ́ńbà 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìlànà sáfà bá ń fẹ́ àmì dandan, ẹ fi `-` kan sáàárín. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ ọ́n, kò sì sí shell tó máa jẹ ẹ́.

Ṣé mo lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì ohùn ṣe pásíwọ́ọ̀dù?

Yóò gbà á lónìí, ó lè kọ̀ ọ́ lọ́la. Ìdí ni pé lẹ́tà `ẹ́` kan ṣoṣo yìí ṣeé kọ ní ọ̀nà mẹ́ta nínú Unicode: `ẹ` tó ti ní ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí a wá fi àmì òkè lé, `e` lásán tí a fi ẹsẹ̀ àti àmì òkè kún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí `é` tí a wá fi ẹsẹ̀ sí. Ojú rí wọn bákan náà. Báìtì wọn yàtọ̀ pátápátá, báìtì sì ni sáfà ń lọ̀ mọ́ra láti mọ̀ bóyá pásíwọ́ọ̀dù bára mu. Kíbọ́ọ̀dù fóònù yín lè fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́, kí ti kọ̀ǹpútà fi ti ìkejì ránṣẹ́, ẹ ó sì búra pé ohun kan náà lẹ tẹ̀.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá bí ẹ bá fẹ́, láìsí àmì àti láìsí ẹsẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kó gùn.

Ó dá mi lójú pé ohun tí mo tẹ̀ tọ̀nà, síbẹ̀ òmíràn ló ń lọ.

Fáìlì kan lè wà tó ń sọ̀rọ̀ fún yín. Ẹ tẹ `mysql --print-defaults`, yóò fi àwọn ohun tó ń kà láti inú `/etc/my.cnf`, `~/.my.cnf` àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn hàn yín. Ẹ wo `~/.mylogin.cnf` náà, èyí tí `mysql_config_editor` máa ń kọ, àti `MYSQL_PWD` nínú àyíká shell yín.

Nínú Laravel, bí ẹnì kan bá ti ṣe `config:cache` rí, ohun tí ẹ kọ sínú `.env` lẹ́yìn ìyẹn ò dé ibì kankan. `php artisan config:clear` ló ń tú u sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn tí `queue:work` gbé dìde náà ń fi pásíwọ́ọ̀dù ti àná ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi tún wọn gbé dìde.

Mo tẹ̀ lé ìtọ́ni kan tó ní `UPDATE mysql.user SET Password=PASSWORD('...')`. Ó ní kò mọ `Password`.

Ìtọ́ni náà ti dàgbà ju sáfà yín lọ. Láti MySQL 5.7 ni wọ́n ti yọ òpó `Password` kúrò, tí `authentication_string` sì gba ipò rẹ̀. Nígbà tí 8.0 jáde ní 2018, wọ́n yọ `PASSWORD()` fúnra rẹ̀ náà. Ní MariaDB láti 10.4, `mysql.user` kì í tilẹ̀ ṣe tábìlì mọ́, ojú fèrèsé lásán ni sí `mysql.global_priv`. `GRANT ... IDENTIFIED BY` náà ti kúrò nínú MySQL 8.0, 1064 ni yóò fi dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n MariaDB ṣì ń gbà á.

Àṣẹ kan wà tí àwọn méjèèjì gbọ́:

`ALTER USER 'ade'@'localhost' IDENTIFIED BY 'tuntun';`

Kò nílò `FLUSH PRIVILEGES` lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ tún tábìlì ṣe ni ìyẹn wà fún, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ tún un ṣe.

`caching_sha2_password cannot be loaded`: pásíwọ́ọ̀dù tọ̀nà, áàpù àtijọ́ ò lè wọlé.

Nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 2059 tàbí 1251. Láti 8.0 ni MySQL ti ń fi `caching_sha2_password` tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì tuntun, áàpù tàbí PHP yín ò sì gbọ́ èdè rẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kí ẹ dá àkáǹtì náà padà sí `mysql_native_password`. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí 8.0. Lórí 8.4, tó jáde ní 2024, wọ́n ti pa á, àfi kí ẹ tún un tàn. Lórí 9.0, wọ́n ti yọ ọ́ pátá. Ẹ mú ẹ̀yà tuntun ti connector (ohun tó ń so áàpù mọ́ sáfà) tàbí PHP yín wá. Dídá a padà sí `mysql_native_password` á kàn sún ìṣòro náà síwájú dé ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá tún sáfà náà ṣe lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Áàpù ń wọlé dáadáa, a tún sáfà gbé dìde, ó wá ní `Authentication requires secure connection`.

Plugin `caching_sha2_password` kan náà ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àkáǹtì kan bá wọlé lẹ́yìn tí sáfà dìde, sáfà fẹ́ kí pásíwọ́ọ̀dù gba ojú ọ̀nà tó ní ààbò, ìyẹn TLS (ìbánisọ̀rọ̀ tí a fi kóòdù bò), socket tàbí kọ́kọ́rọ́ RSA tí a fi ń bo pásíwọ́ọ̀dù. Bó bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan, sáfà á rántí rẹ̀, kò sì ní béèrè ààbò yẹn mọ́. Bí ẹ bá tún sáfà gbé dìde tàbí ẹ ṣe `FLUSH PRIVILEGES`, ìrántí náà á parẹ́.

Ẹ lè ti fi ọwọ́ ara yín wọlé láti tẹ́mínà ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, tẹ́mínà sì lo TLS láìsọ fún yín. Áàpù wá ń jẹ àǹfààní ìrántí yẹn fún oṣù púpọ̀. Àtúnṣe gidi ni kí áàpù náà máa lo TLS. Nínú Java, ẹ ó rí i bíi `Public Key Retrieval is not allowed`; `allowPublicKeyRetrieval=true` á jẹ́ kó kọjá, ṣùgbọ́n ẹ má lo ìyẹn lórí ojú ọ̀nà tí ẹlòmíràn lè dá dúró láàárín.

Mo yí `MYSQL_ROOT_PASSWORD` padà nínú Docker, ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń gbà.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni image náà, ẹ̀dà tí Docker fi ń gbé sáfà dìde, ń ka ọ̀rọ̀ yẹn: nígbà tí àpótí ìpamọ́ rẹ̀ bá ṣófo. Bí volume, ìyẹn àpótí ìpamọ́ náà, bá ti ní dátábéèsì nínú, ohun tí ẹ bá kọ lẹ́yìn ìyẹn, asán ni. Ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ wọlé, kí ẹ lo `ALTER USER`.

Wọ́n á ní kí ẹ ṣe `docker compose down -v` kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé pásíwọ́ọ̀dù tuntun á gbà. `-v` yẹn ti pa gbogbo volume rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tí àwọn oníbàárà yín ti rà.

Ó ní àkáǹtì ti wà ní títì, tàbí pé pásíwọ́ọ̀dù ti kọjá àkókò.

3118: ẹnì kan ló tì í; `ALTER USER 'ade'@'localhost' ACCOUNT UNLOCK;`. 1862: ọjọ́ rẹ̀ ti pé, ẹ fún un ní tuntun. MySQL 5.7.4 dé 5.7.10 a máa ka ọjọ́ 360 sí gbogbo pásíwọ́ọ̀dù lórí láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí sáìtì àtijọ́ kan fi lè ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko kó tó kọ̀ lójijì. 3955: wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣì lọ́pọ̀ ìgbà tẹ̀ lé ara wọn, sáfà sì tì í fún ọjọ́ díẹ̀, 8.0.19 ló mú èyí wá. Ní ti MariaDB, `max_password_errors` ló ń ṣe irú rẹ̀, `FLUSH PRIVILEGES` ló sì ń tú u.

1129 yàtọ̀ sí wọn. Kọ̀ǹpútà tí ẹ ti ń wá ni sáfà dí lọ́nà níbẹ̀, nítorí ìbánisọ̀rọ̀ tó ń já lágbedeméjì. Pásíwọ́ọ̀dù tí a ṣì tẹ̀ kò sí lára ohun tó ń kà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ni kí ẹ wò.

Mo wọlé, ṣùgbọ́n n ò rí dátábéèsì kankan. Bí mo bá sì fi pásíwọ́ọ̀dù mi sí i, ó kọ̀.

Àkáǹtì tí kò lórúkọ wà lórí sáfà yín, `''@'localhost'`, èyí tí àwọn sáfà àtijọ́ máa ń bí mọ́ra. Nígbà tí ẹ bá dé, sáfà ń to àwọn àkáǹtì láti orí ibi tó ṣe pàtó jù. `localhost` ṣe pàtó ju `%` lọ, àkáǹtì tí kò lórúkọ sì gba ẹnikẹ́ni. Ó mú yín kí ó tó dé orí `'ade'@'%'`, ó wá ń fi pásíwọ́ọ̀dù yín wé òfo.

`SELECT USER(), CURRENT_USER();` á tú àṣírí rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ẹni tí ẹ pe ara yín, ti èkejì ni ẹni tí sáfà kà yín kún. Bí ti èkejì ò bá ní orúkọ níwájú `@`, ẹ wọlé bí root, kí ẹ sì ṣe `DROP USER ''@'localhost';`.

Mo ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù root pátápátá. Ṣé kí n yọ MySQL kúrò kí n tún un gbé sí?

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ẹ bá yọ ọ́ tí àpótí dátà ṣì wà, pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ á pàdé yín níbẹ̀. Bí ẹ bá pa àpótí náà rẹ́, ẹ ti sọ iṣẹ́ nù.

Ẹ kọ́kọ́ dán `sudo mysql` wò. Bó bá kọ̀, ẹ fi `skip-grant-tables` àti `skip-networking` sábẹ́ `[mysqld]` nínú fáìlì ètò rẹ̀, kí ẹ tún sáfà gbé dìde. Yóò gba ẹnikẹ́ni tó bá wá láti orí kọ̀ǹpútà yẹn láìbéèrè nǹkan kan, nítorí náà ẹ má kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ kọ `FLUSH PRIVILEGES;` ná. Bí ẹ bá fò ó, 1290 ni `ALTER USER` yóò fi dá yín lóhùn. Ẹ wá fún root ní pásíwọ́ọ̀dù tuntun, ẹ yọ ìlà méjèèjì kúrò, ẹ tún un gbé dìde. Ìlà méjèèjì yẹn ò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú nínú fáìlì.

Níbo ni mo ti lè rí ẹni tó ń kọ lu sáfà ṣáá pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù tí kò tọ̀nà?

Nínú lọ́ọ̀gì àṣìṣe sáfà. MariaDB tuntun ń kọ ọ́ síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un. MySQL ò ní kọ ọ́ àfi tí ẹ bá ṣe `SET GLOBAL log_error_verbosity = 3;`. Ẹ wo ibi tó ti ń wá àti bí ó ṣe ń wá: bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún géérégé, èèyàn kọ́, iṣẹ́ cron kan (iṣẹ́ tó ń ṣe ara rẹ̀ ní àkókò tí a yàn) tí ẹ gbàgbé láti fún ní pásíwọ́ọ̀dù tuntun ni. Ti ìfipamọ́ alaalẹ́ ló pọ̀ jù, ẹni tó ni ín kì í sì í mọ̀ títí ọjọ́ tó bá nílò ìfipamọ́ náà.

Báwo ni mo ṣe lè yí pásíwọ́ọ̀dù padà lójú ọ̀sán láìjẹ́ kí áàpù dákẹ́?

Láti MySQL 8.0.14, àkáǹtì kan lè ní pásíwọ́ọ̀dù méjì lẹ́ẹ̀kan náà:

`ALTER USER 'ade'@'%' IDENTIFIED BY 'tuntun' RETAIN CURRENT PASSWORD;`

Ti tẹ́lẹ̀ ń gbà, tuntun ń gbà. Ẹ gbé tuntun náà lọ sí áàpù kọ̀ọ̀kan, sí iṣẹ́ cron, sí ti ìfipamọ́, bí ọwọ́ yín bá ṣe ń tó wọn. Nígbà tí ó bá dá yín lójú pé kò sí èyí tó kù, `ALTER USER 'ade'@'%' DISCARD OLD PASSWORD;`.

MariaDB ò ní èyí. Ẹ dá àkáǹtì kejì sílẹ̀ níbẹ̀, irú bí `ade2`, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ kan náà, kí ẹ máa kó àwọn áàpù lọ sórí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. `SHOW PROCESSLIST` á fi hàn yín bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń wọlé bí `ade`. Ẹ ti àkọ́kọ́ pa pẹ̀lú `ACCOUNT LOCK` ná, kí ẹ dúró kí ìfipamọ́ alẹ́ kan kọjá, kí ẹ tó `DROP` rẹ̀.